Gbogbo Àga Ti Lẹ́ni

Ẹ bá mi yọ̀! Ilé ìtàwé àdúgbò wa ní Leipzig kún fọ́fọ́ lónìí.

Wọ́n fẹ́ ka ìtàn tuntun kan tí mo ti ń yọ gbogbo ayé lẹ́nu pé kí wọ́n kà.

Jákẹ́ẹ̀tì wà lórí gbogbo àga. Lọ́dọ̀ wa, àga bẹ́ẹ̀ ti lẹ́ni nìyẹn.

Ọ̀kan ló ṣófo lẹ́yìn. Mo yáa fi jákẹ́ẹ̀tì mi gbà á.

"Ìyáàfin Reimers, àwọn èèyàn yìí dà?"

Òǹtàwé náà ò wojú mi. "Ẹ mumi díẹ̀ ná."

Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹgbẹ́ akọrin tó wà lókè ló ń wọlé.

"Ẹ ṣé tẹ́ ẹ jẹ́ ká sá jákẹ́ẹ̀tì wa síbí. Òjò yẹn pa wá o!"

Wọ́n kó o, wọ́n bá tiwọn lọ.

Jákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló kù: tèmi.

Èmi ni mo kọ ìwé ọ̀hún.