Wákàtí Mẹ́jọ Àbọ̀

Olùtajà tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú ni ó sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá tí ó bí aránṣọ kan ni ó gbọ́ ọ, pẹ̀lú akọ̀wé kan tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ láìfi kún un, láìyọ kúrò.

Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí ilé iṣẹ́ tó kún, aránṣọ a wọlé, ọmọbìnrin rẹ̀ a di etí aṣọ rẹ̀ mú. Aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn ni ó máa ń wọ̀, bí ó ti wù kí ooru mú tó. Ìbéèrè kan náà ni ó máa ń bi olùtajà.

"Ẹ jọ̀ọ́, bùọ̀dá, ọkọ̀ tó ń ti ìlú tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀, wákàtí mélòó ló ń lò dé ibí?"

"Ìyàwó alárìnrìnàjò, ẹ tún ti dé! Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé irinwó kìlómítà. Wákàtí mẹ́rin àbọ̀ lójú òfurufú."

"Ṣé wọn ò tíì fi ọkọ̀ mìíràn kún un?"

"Ẹyọ kan náà ni. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ló ń gbéra."

"Tó bá wà lọ́hùn-ún ní aago mẹ́jọ, ìgbà wo ló lè kan ilẹ̀kùn mi?"

Olùtajà fi ìka ṣírò àyẹ̀wò ìwé àti ìrìn títì. "Aago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Wákàtí mẹ́jọ àbọ̀. Àfi tó bá hu ìyẹ́ ló lè yá jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Aránṣọ kọ iye náà sínú ìwé tí ó ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ sí.

"Ọkọ yín náà ńkọ́, ṣé ó máa ń pè?"

"Aago mẹ́jọ géérégé, lójoojúmọ́, lórí fóònù ilé. Tí mo bá ti ní 'hẹ́lò', ó ti pa á."

"Ohùn yín ló fi ń jẹ oúnjẹ àárọ̀! Áà, ìfẹ́ kò mà tíì kú láyé."

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ìwé dé láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá: láti ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ kejì yóò máa gbéra lọ́hùn-ún kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò sì máa balẹ̀ ní aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀. Olùtajà wá nọ́ńbà tí ọkọ fi sílẹ̀ nígbà tí ó ń lọ. Ó pè é.

"Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó yín kò gbàgbé yín o. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ń wá bi mí bí ẹ ṣe lè tètè dé tó."

Ọkọ bi í: "Gbogbo ọjọ́ Ẹtì?"

"Láìyẹ̀. Ọkọ̀ tuntun wà ní ọjọ́ Ajé. Ẹ yọ sí i lójijì."

"Má ta á lólobó," ni ọkọ wí. "Kọ orúkọ mi."

Nígbà tí aránṣọ dé lọ́jọ́ kejì, ó bèèrè bóyá ohunkóhun ti yí padà. Olùtajà gbé ẹ̀rín mì.

"Rárá o. Wákàtí mẹ́jọ àbọ̀ náà ni."

"Ẹ ṣeun, bùọ̀dá. Ẹ ò mọ oore tí ẹ ṣe fún wa."

Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, fóònù ilé dún. Aránṣọ ní "hẹ́lò". Ọkọ pa á. Aránṣọ sì lọ ṣí ilẹ̀kùn. Ọkọ ni ó dúró níbẹ̀, fóònù lọ́wọ́.

Olùtajà tíkẹ́ẹ̀tì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọkọ wà lẹ́wọ̀n títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀, kò sì tíì sọ̀rọ̀. A sin aránṣọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Nínú báàgì tí a bá lẹ́bàá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ tirẹ̀ àti ti ọmọ nìkan ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì méjì, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé náà, sí ìlú tí ọkọ̀ òfurufú kì í balẹ̀ sí.