Ìwádìí Alhaja Ajarat

Kí ìdílé tó gbé ìyàwó, ó yẹ kó ṣe ìwádìí, Alhaja Ajarat kò sì fi ìwádìí ṣeré rárá. Òun ló fi owó ata àti àlùbọ́sà tó ń tà ní Mile 12 tọ́ Roqeeb, ọmọ àbúrò rẹ̀, dàgbà. Ohun tó bá sọ nípa ìgbéyàwó Roqeeb, abẹ gé e.

Labeebah ni Roqeeb fẹ́ fẹ́. Mutolib, bàbá Labeebah, jẹ́ káfíńtà ní Kétu, òun nìkan ló sì kù fún ọmọ náà lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ tí Alhaja kọ́kọ́ lọ kí wọn, gbogbo nǹkan lọ létòlétò. Oòrùn mú, síbẹ̀ ó wọ súẹ́tà sábẹ́ híjáàbù rẹ̀, ó ní atẹ́gùn ọ̀nà kò bá òun lára mu. Mutolib sọ pé aṣọ Alhaja tóbi jù ú lọ, ó jọ pé ó ti fọn. Inú Alhaja dùn, ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni télọ̀ ti fún aṣọ òun wọlé lọ́dún yìí. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù nu ẹnu, ó ní ata ni. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Ní Mile 12, níbi tí tírélà ti ń já ata láràárọ̀, ta ni kì í wúkọ́? Mutolib bi í bóyá ó ti fi han dókítà. Alhaja rẹ́rìn-ín, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti bí àbígbẹ̀yìn òun, òun ò dé ọsibítù mọ́, òun ò sì ní í débẹ̀.

Nígbà tó padà lọ lọ́sẹ̀ kejì láti mú ọjọ́ ìgbéyàwó, ikọ́ ni Mutolib fi pàdé rẹ̀. Ó wúkọ́ bó ṣe ń kí i, ó wúkọ́ bó ṣe ń gbé omi fún un, ó wá jókòó, ó fọwọ́ di àyà mú. Alhaja sún àga rẹ̀ sẹ́yìn. Labeebah yára sọ pé bàbá òun kì í wúkọ́, pé òun ò gbọ́ ọ rí àfi lónìí. Alhaja wò ó bí ẹni ń wo ọlọ́jà tó fi tòmátì rere bo èyí tó ti rà mọ́lẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ náà gan-an ló bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, ìyá onílé Mutolib ló sì tú àṣírí fún un. Mojeed, ẹ̀gbọ́n Mutolib, ikọ́ ife ló pa á nínú ilé yẹn lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, Mutolib ló sì tọ́jú rẹ̀ títí ẹ̀mí fi bọ́. Alhaja ò tún wá ẹlẹ́rìí mìíràn lọ. Ó pe Roqeeb, ó ní kò sí ìgbéyàwó mọ́.

Roqeeb bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Labeebah sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ó bi bàbá rẹ̀ pé kí ló dé tí kò lè mú ikọ́ yẹn mọ́ra fún wákàtí kan péré. Mutolib ní ikọ́ kì í gbọ́ràn. Inú bí Labeebah sí i fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

Mutolib wá ránṣẹ́ sí Alhaja. Ó ní òun máa pe nọ́ọ̀sì wá sílé láti gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ òun lọ fún àyẹ̀wò ikọ́ ife, kí Alhaja wá fi ojú ara rẹ̀ rí i, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n pààrọ̀ kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ Alhaja. Òun ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Adébísí gbé ike kéékèèké jáde. Alhaja bi í pé bí Mutolib bá ti kó ikọ́ náà lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án, ṣé kò ti yẹ kó ti kú.

“Mummy, kò rí bẹ́ẹ̀,” nọ́ọ̀sì fèsì. “Tí èèyàn bá fa kòkòrò ikọ́ ife símú, àwọn ṣọ́jà tó ń dáàbò bo ara wà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n á yí i ká, wọ́n á mọ ògiri yí i po, á wà ní àtìmọ́lé síbẹ̀. Ó lè wà níbẹ̀ fún ogún ọdún kí olúwarẹ̀ má mọ̀. Ọjọ́ tó bá rẹ àwọn ṣọ́jà yẹn, bóyá nítorí ọjọ́ orí, bóyá nítorí ìtọ̀ ṣúgà, ògiri á wó. Ìgbà yẹn ni ikọ́ á bẹ̀rẹ̀.”

Alhaja ní òun gbọ́, kí wọ́n gbé ike fún aláìsàn tó ni ín.

“Àna la fẹ́ jọ di, Alhaja,” Mutolib sọ bó ṣe ń wúkọ́. “Bí àwa bá tu tiwa, ó yẹ kí ẹ̀yin náà tu tiyín. Àfi tí ẹ̀rù bá ń bà yín.”

“Ẹ̀rù? Èmi Ajarat?” Alhaja na ọwọ́. “Ẹ gbé méjì wá.”

Lọ́jọ́ kẹta, nọ́ọ̀sì padà wá. Ó pe wọ́n wọ yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan. Mutolib kọ́kọ́ jáde, kò ní nǹkan kan. Labeebah náà kò ní nǹkan kan. Alhaja pẹ́ nínú yàrá. Nígbà tó jáde, ojú tì í débi pé kò lè gbórí sókè.

“Èmi ni,” ó sọ. “Nọ́ọ̀sì ní bí mo bá tún fi oṣù díẹ̀ kún un, ó lè gba ẹ̀mí mi. Oògùn olóṣù mẹ́fà ni, wọn ò ní í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, Roqeeb náà sì gbọ́dọ̀ wá ṣe àyẹ̀wò.” Ó nu ojú. “Bàbá Labeebah, ó kàn yín báyìí láti sọ pé ẹ ò ṣe mọ́.”

Mutolib ní kó lo oògùn rẹ̀, pé lọ́jọ́ tó bá lò ó tán ni wọn yóò mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Labeebah kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún ayọ̀, Alhaja náà sì ń sunkún.

Mutolib sin nọ́ọ̀sì dé ẹnu géètì, ibẹ̀ ni obìnrin náà ti rọra sọ fún un pé, “Bàbá, ọgbọ́n tí ẹ wá bá mi dá lọ́jọ́ kejì tí Alhaja kọ́kọ́ wá kí yín ti jẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ nínú ikọ́ àwúrúju yẹn kó tó bó yín lọ́nà ọ̀fun.”