Wọn Ò Fi Abẹ Kan Ọrùn Jádé

Fóònù Monísọ́lá dún nílé rẹ̀ ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Half Die.

"Ìyá Jádé, ọmọ wa ti jí!" Ọkọ rẹ̀ ń sunkún ayọ̀ láti ọsibítù ní Dakar.

"Wọn ò fi abẹ kan ọrùn rẹ̀. Itan ni wọ́n ti ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ dé ibi tí iṣan náà ti wú lọ́rùn, wọ́n sì dí i pa."

"Mo ti gbọ́," ni Monísọ́lá wí.

Nafisatou, aládùúgbò rẹ̀ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, dì mọ́ ọn. "Alihamudulilahi! Kí ló dé tí o ò yọ̀?"

Monísọ́lá gbé fóònù sílẹ̀.

Irú wíwú yìí ló yọ lọ́rùn Akínlolú, ẹ̀gbọ́n Jádé, kó tó kú.

Gbogbo ilé pe wíwú náà ní eéwo.

Monísọ́lá fúnra rẹ̀ ló di orí ọmọ náà mú kí wọ́n lè fi abẹ là á, ẹ̀jẹ̀ ò sì dá mọ́.