Búrẹ́dì Ò Lè Dé Mọ́

Ọ̀gá iléèwé ń ka lẹ́tà sí oníbúrẹ́dì létí bí adájọ́ tó ń dájọ́.

"Omíyalé ti dí ọ̀nà fún oṣù mẹ́ta gbáko. Àdéhùn wa sọ pé tó bá ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí búrẹ́dì ò lè dé, ká túká. Ìyá, ó parí nìyẹn."

Ìyá fi ìbínú dá a lóhùn.

"Àbúrò ìyàwó yín tẹ́ ẹ fẹ́ gbé iṣẹ́ mi fún ńkọ́? Ṣé fífò lòun máa fò wá?"

Ọ̀gá rọra gbé tíì mu. "Ẹ má bínú sí mi. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni."

Ìyá nàka sí i lójú.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń ru búrẹ́dì la omi yẹn kọjá wá síbí! Ẹ nu ẹnu yín, tàárọ̀ yìí ṣì wà ní irùngbọ̀n yín."