Òbìrìkítí Òkúta Méjì

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe ara rẹ̀, ìyá oníṣẹ́-ọnà náà kò sì jiyàn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ìlú Anagni ní Ítálì ní tó bá lè ṣe irú òbìrìkítí òkúta tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà láti ẹgbẹ̀rin ọdún, òun ni àwọn máa gbé iṣẹ́ gbogbo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tó ti bàjẹ́ fún. Òun ló fi ọṣẹ fọ ti àtijọ́ tí wọ́n hú jáde títí ó fi ń dán, kó lè rí àwọ̀ rẹ̀ kedere. Òun náà ló fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wáìnì pa tirẹ̀ lára, kó lè dà bí ohun tó ti gbó. Òun ló tún sọ fún Gervasio bíríkìlà pé: "Tó o bá ti dá ti àtijọ́ padà sáyè rẹ̀, fọ́ tèmi."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá náà rọra gbé ìdí ńlá rẹ̀ kúnlẹ̀, ó fọwọ́ pa òkúta pupa àárín òbìrìkítí tí Gervasio tẹ́ sílẹ̀. Ó kan ibi tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ti ṣìṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Gervasio! Èwo lo fọ́?"

"Èyí tó ń dán ni, Màmá. Mo ti rọ sìmẹ́ńtì lé e lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ṣé èmi ò mọ arúgbó tí mo bá rí i ni?"

Kò tíì dìde tí Don Ilario, àlùfáà wọn, fi wọlé, ó ń wolẹ̀, ó ń mirí.

"Màmá, ẹ wo ibi tọ́wọ́ àwọn àgbà dé! Tiyín tí mo rí lánàá dára o, àmọ́ kò sún mọ́ eléyìí rárá. Oníṣẹ́-ọnà ará Róòmù kan la máa gbé iṣẹ́ ilẹ̀ yòókù fún."