Ẹni Tí Wọ́n Rán sí Ọkọ̀ Ọ̀fẹ́

Ọkọ̀ ọ̀fẹ́ àdúgbò náà kò ní fèrèsé. Òrùlé ló ní, àti bẹ́ǹṣì onígi, àti agogo kékeré kan tí èrò máa ń fi okùn fà bó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ó máa ń yí àdúgbò po láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́: á gba iwájú ilé ìwòsàn, á dé ọjà, á gun òkè, á tún padà. Ẹgbẹ́ àwọn onílé ló ń ra epo sí i. Ẹ̀sọ̀ ni wọ́n ń pe dẹ́rẹ́bà rẹ̀, nítorí bí èèyàn bá gbé ẹyin wọ ọkọ̀ rẹ̀, kì í fọ́.

Ẹ̀sọ̀ ní ìwà kan. Bí arúgbó tàbí aboyún bá nawọ́ sí i láàárín ọ̀nà, níbi tí kì í ṣe ibùdókọ̀, ó máa ń dúró.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀gá gáréèjì pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹnìkan ti fẹjọ́ ẹ sùn," ló wí. "Wọ́n ní ibi tó bá wù ẹ́ lo máa ń dúró sí. Ẹgbẹ́ onílé máa rán amí sínú ọkọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, o ò sì ní mọ̀ ọ́n. Tó bá tún ká ẹ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan péré, mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wá fún mi."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Èmi kọ́ ni kó o máa bẹ̀. Lọ mójú tó iṣẹ́ ẹ."

Nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ tó wà láyé, èyí gan-an kọ́ ló yẹ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, Ẹ̀sọ̀ fẹ́ lọ fojú kan àwọn òbí ọmọbìnrin tó ń fẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, èyí tó ń ta awò ojú ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn. Bàbá ọmọbìnrin náà kò fẹ́ fọmọ fún dẹ́rẹ́bà, ká má tiẹ̀ wá sọ dẹ́rẹ́bà tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́.

"Fọkàn balẹ̀ jàre," ọmọbìnrin náà sọ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó ń fi aṣọ kékeré aláwọ̀ yẹ́lò nu dígí tí Ẹ̀sọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀, irú èyí tí ṣọ́ọ̀bù wọn máa ń fún ẹni tó bá ra awò. "Mo ti sọ fún wọn pé o máa ń dúró fún àwọn arúgbó lójú ọ̀nà. Ojú Bàbá rọ̀ díẹ̀."

"Màmá ńkọ́?"

"Màmá ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn béèrè ibi tí ọkọ̀ ẹ máa ń gbà."

Lọ́jọ́ kejì ni màmá àgbà kan wọ ọkọ̀. Ó di báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn dẹ́rẹ́bà gan-an, kò sì sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ yí àdúgbò po, ó tún bẹ̀rẹ̀. Màmá ṣì wà níbẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìgbàkígbà tí Ẹ̀sọ̀ bá gbójú wo dígí, ojú wọn á ṣe mẹ́rin.

Ara fu ú.

Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́rú mọ́, màmá tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí ó la ẹnu.

"Ṣé o máa ń mutí?"

"Ọtí kẹ̀? Rárá o, mà."

"O ti gbéyàwó?"

"Ó kù díẹ̀, mà."

Màmá mi orí. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi aṣọ kékeré aláwọ̀ yẹ́lò nù ún, ó tún un wọ̀.

Oníbúrẹ́dì kan tó máa ń wọ ọkọ̀ náà, tí Ẹ̀sọ̀ ti fọ̀rọ̀ náà lọ̀, gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kọjá, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. "Amí ẹ rèé o. Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù. Má fira ẹ ṣeré o."

Lọ́jọ́bọ̀, òjò dé, òjò tó ń rọ̀ bí ẹni ń da omi. Ní ìdajì òkè, níbi tí kò sí ibùdókọ̀, bàbá arúgbó kan dúró láìní agbòjò, ó na ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ sókè. Ẹsẹ̀ Ẹ̀sọ̀ ti ń lọ sórí búrẹ́kì fúnra rẹ̀. Ó wo dígí. Màmá ti sún síwájú lórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo ẹsẹ̀ Ẹ̀sọ̀.

Ẹ̀sọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ọkọ̀ kọjá. Ojú tì í débi pé kò lè wẹ̀yìn.

"Ìkà!" obìnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Oníbúrẹ́dì tẹjú mọ́ búrẹ́dì rẹ̀.

"O ò rí bàbá yẹn ni?" màmá béèrè.

"Mo rí wọn, mà. Ibẹ̀ kì í ṣe ibùdókọ̀."

"Nínú òjò yìí?"

Ìdánwò nìyí, Ẹ̀sọ̀ wí nínú ara rẹ̀.

"Òfin lòfin, mà."

Màmá fa okùn agogo. Nígbà tí wọ́n dé ibùdókọ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó ṣí agbòjò, ó sì yára gba ọ̀nà tí wọ́n ti ń bọ̀ padà. Apá ibẹ̀ náà ni ọ́fíìsì ẹgbẹ́ onílé wà.

"O ti yọ!" Oníbúrẹ́dì gbá a léjìká, ó sì fún un ní búrẹ́dì kan tó ṣì gbóná. Ẹ̀sọ̀ kò rí i jẹ.

Màmá kò wá mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá gáréèjì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Wọn ò rí àléébù kankan. Máa báṣẹ́ ẹ lọ."

Lọ́jọ́ Àìkú, Ẹ̀sọ̀ fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ títí ó fi ń dán. Ọmọbìnrin náà pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì, ó bá a tún kọ́là ṣe.

"Bàbá ń wúkọ́ díẹ̀," ló wí. "Òtútù ló mú wọn. Má jẹ́ kó bà ẹ́ lẹ́rù."

"Ẹ̀rù wo? Iṣẹ́ mi ṣì wà lọ́wọ́ mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣílẹ̀kùn.

Bàbá da ìbora bo èjìká, ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ wà láàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì, màmá tó jókòó tì í yọ awò ojú rẹ̀, ó rọra fi aṣọ kékeré aláwọ̀ yẹ́lò nù ún, ó wo Ẹ̀sọ̀ látòkè délẹ̀, ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní: "Èyí kọ́ lẹni tí o sọ fún wa."