Òkété àti Apẹ̀rẹ̀ Ẹyìn

"Bàálé mi, ẹni tó bá mọ ègbè orin wa nìkan ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó wọlé. Ẹrù rẹ̀ ńkọ́? Ìta ni kẹ́ ẹ ti tú u wò." Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ìyàwó Òkété bá a sọ nìyẹn.

Ọ̀kẹ́rẹ́, àbúrò ìyàwó, gbé apẹ̀rẹ̀ ẹyìn wá bá a kẹ́dùn. Òkété dá a dúró lẹ́nu ihò, ó dárin:

"Ta ló dúró síta?"

"Kéréwú!"

"Ta ló mọ ilé wa?"

"Kéréwú!"

"Àna mi gan-an ni! Gbé e wọlé."

"Ẹ ò ní tú u wò ni? Inú igbó ni mo gbé e sí mọ́jú."

"Kí n máa tú ẹ̀bùn ọ̀fọ̀ lójú ẹni tó gbé e wá? Wọ́n á ní ìyàwó mi kú, ọ̀fun ń dá mi tòló."

Bí apẹ̀rẹ̀ ṣe dé orí ẹní olóògbé, Ejò yọrí láàárín ẹyìn: "Ẹ kú ara fẹ́ra kù o."

Òkété gba ihò ẹ̀yìn sá jáde. Ọ̀kẹ́rẹ́ ti wà lórí igi.

"Àna mi, kí ló dé tẹ́ ẹ ò ní kí apẹ̀rẹ̀ náà gbè?"

Títí dòní, Òkété ò tíì padà wọlé. Kò tíì ká ẹní ìyàwó rẹ̀. Kò tíì sunkún.